Lẹ́ńsì Tẹlifótò Àtijọ́ Lórí Kámẹ́rà Òde Òní fún Yíya Ẹyẹ àti Ẹranko: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ìbéèrè kan náà ni àwọn tó ń ya fọ́tò ní Akọ́kà, Yábàá àti Sùúrùlérè ń bi mí nígbàkígbà tí wọ́n bá rí lẹ́ńsì tẹlifótò, ìyẹn lẹ́ńsì gígùn tó ń fa ohun tó jìnnà sún mọ́ni, tó wà lọ́rùn mi. Mo kó àwọn ìdáhùn jọ síbí. Èyí tó rọrùn ló ṣáájú, èyí tó ta kókó ló kẹ́yìn.

Ṣé lẹ́ńsì tí wọ́n ṣe kí wọ́n tó bí mi lè ṣiṣẹ́ lórí kámẹ́rà mi?

Ó lè ṣiṣẹ́ dáadáa. Dígí àti irin ni lẹ́ńsì àtijọ́. Bí dígí rẹ̀ bá mọ́, tí òrùka rẹ̀ sì ń yí geere, kò sí ohun tó ní kó má ya fọ́tò lónìí. Ohun tí ẹ máa pàdánù ni fókọ́ọ̀sì aládàáṣe: ọwọ́ yín ló máa yí òrùka títí ẹyẹ yóò fi hàn kedere. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọwọ́ yín náà ló máa ṣí ihò lẹ́ńsì tàbí kó dín in kù.

Kí ló dé tí mi ò kúkú ní ra tuntun?

Owó ni. Lẹ́ńsì 400mm f/2.8 tuntun ti Canon tàbí ti Nikon ju $10,000 lọ. (Mílímítà, mm, ń sọ bí lẹ́ńsì ṣe ń fa nǹkan sún mọ́ni tó; f/ ń sọ bí ihò rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó: bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣe kéré tó ni ihò ṣe ń fẹ̀ tó.) Ẹ ṣírò rẹ̀ sí náírà, ẹ ó rí i pé ilẹ̀ ni ẹ̀ bá fi rà. Lẹ́ńsì 300mm f/4.5 àtijọ́ kò tó ìdákan nínú ìdá mẹ́wàá owó yẹn, bẹ́ẹ̀ ó lè fi ojú ẹyẹ hàn yín débi pé ẹ ó máa ka ìyẹ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n mo máa ń sọ òótọ́ fún ẹni tó bá bi mí. Bí òde ìgbéyàwó lẹ fi ń jẹun, ẹ má rà á fún iṣẹ́ yẹn. Ìyàwó kò ní dúró de òrùka yín. Bó bá sì jẹ́ ẹyẹ tó ń fò nìkan lọkàn yín fà sí, ẹ fi owó pamọ́ díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ó fi lè ra tòkunbọ̀ tó ní fókọ́ọ̀sì aládàáṣe. Ẹni tó fẹ́ràn láti jókòó sójú kan fún wákàtí méjì kí ó máa wo ẹ̀gà bó ṣe ń hun ìtẹ́, òun gan-an ni lẹ́ńsì yìí wà fún.

Mílímítà mélòó ló tó fún ẹyẹ?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 300mm. 200mm kúrú jù, àyàfi bó bá jẹ́ aláǹgbá orí ògiri tàbí ọ̀bọ tó ti mọ ènìyàn lójú lẹ ń yà.

Bí sẹ́ńsọ̀ kámẹ́rà, ohun tó ń gba àwòrán nínú rẹ̀, bá ṣe tóbi tó ló ń yí ìṣirò yìí padà. Lórí kámẹ́rà APS-C (tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ kéré sí fíìmù 35mm) ti Nikon, Sony tàbí Fujifilm, 300mm á máa rí bíi 450mm. Lórí ti Canon, bíi 480mm. Lórí Micro Four Thirds, tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ tún kéré sí i, bíi 600mm. Ìdí nìyí tí kámẹ́rà kékeré tí àwọn kan ń fojú di fi wúlò púpọ̀ fún iṣẹ́ ẹyẹ.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá lẹ́ńsì kan á bá ẹnu kámẹ́rà mi mu?

Àlàfo kan wà láàárín ẹnu kámẹ́rà, níbi tí lẹ́ńsì ti ń kọ́, àti sẹ́ńsọ̀ tó ń gba àwòrán. Ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ẹnu tirẹ̀ àti ìwọ̀n tirẹ̀; Nikon F, Canon EF àti irú wọn ni orúkọ àwọn ẹnu náà. Ti Nikon F, tó ti wà láti 1959, jẹ́ 46.5mm. Lẹ́ńsì onískúrù M42 ń fẹ́ 45.46mm, Canon EF 44mm, Canon FD 42mm. Ti àwọn kámẹ́rà mirrorless (àwọn tí kò ní dígí ìwòjú nínú) kúrú gan-an: Canon RF 20mm, Sony E 18mm, Fujifilm X 17.7mm, Nikon Z 16mm.

Bí àlàfo tí lẹ́ńsì ń fẹ́ bá ju ti kámẹ́rà lọ, àdápítọ̀ tó jẹ́ òrùka irin lásán á dí ìyàtọ̀ náà, gbogbo rẹ̀ á sì lọ déédéé. Bó bá kéré sí ti kámẹ́rà, ọ̀rọ̀ bàjẹ́: ohun tó wà nítòsí nìkan ló máa mọ́, ẹyẹ orí igi lọ́ọ̀ọ́kán kò ní mọ́ láéláé. Ìdí nìyẹn tí mirrorless fi ń gba lẹ́ńsì àtijọ́ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀, tí DSLR (kámẹ́rà tó ní dígí ìwòjú nínú) sì ń ṣà á jẹ.

Àdápítọ̀ kan wà tí wọ́n fi dígí kékeré sí láàárín kí lẹ́ńsì Canon FD lè ṣiṣẹ́ lórí Canon DSLR. Èmi kì í gbà á ní ìmọ̀ràn. Dígí olówó pọ́ọ́kú yẹn máa ń ba iṣẹ́ dígí gidi tó wà níwájú rẹ̀ jẹ́.

DSLR ni mo ní. Kí ni kí n rà?

Bó bá jẹ́ Canon EF, ẹ wá lẹ́ńsì Nikon F, M42, Pentax K tàbí Olympus OM. Àdápítọ̀ irin lásán ló máa so wọ́n. Ẹ gbójú kúrò lára Canon FD àti Minolta àtijọ́.

Bó bá jẹ́ Nikon, ẹ dúró sínú ìdílé Nikon, kí ẹ sì wá èyí tí wọ́n ń pè ní AI, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1977, tàbí AI-S tó tẹ̀ lé e. D300, D700, D7000, D7100, D7200 àti D750 á máa wọn ìmọ́lẹ̀ fún yín bí ẹ bá ti kọ mílímítà àti ihò lẹ́ńsì náà sínú mẹ́nù. D7500 kò ní irin kékeré tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Ìran D3000 àti D5000 náà á gba lẹ́ńsì ọ̀hún, ṣùgbọ́n wọn kò ní wọn ìmọ́lẹ̀. Orí M, níbi tí ẹ ti ń fọwọ́ yan ohun gbogbo fúnra yín, lẹ ó ti máa ṣe gbogbo rẹ̀. Lẹ́ńsì Nikon tó ṣáájú 1977 tí wọn kò tíì tún ẹnu rẹ̀ ṣe lè kán irin kékeré ẹnu D7000 àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ má fi tipátipá yí i wọlé.

Ẹ ṣọ́ èyí náà: òrùka fókọ́ọ̀sì Nikon ń yí sí òdìkejì ti Canon. Ẹni tó bá ń lo méjèèjì pọ̀ á máa yí i sọ́nà òdì nígbà tí ẹyẹ bá fẹ́ fò. Ẹ mú ìdílé kan ṣoṣo.

Kámẹ́rà mi sọ pé kò sí lẹ́ńsì, kò sì yà.

Kámẹ́rà mirrorless kò mọ lẹ́ńsì tí kò bá a sọ̀rọ̀. Ẹ wọ inú mẹ́nù, ẹ wá “Release w/o Lens” lórí Sony, “Release shutter w/o lens” lórí Canon, tàbí “Shoot without lens” lórí Fujifilm, kí ẹ sì gbà fún un. Ó parí.

Kí ni kí n yẹ̀ wò kí n tó sanwó fún lẹ́ńsì tòkunbọ̀?

Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì kékeré dání lọ sọ́jà, yálà Computer Village ní Ìkẹjà ni o tàbí ilé ẹnìkan tó fẹ́ tà. Ẹ ṣí ihò lẹ́ńsì náà tán pátápátá, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀yìn, kí ẹ sì máa wò ó láti iwájú ní ẹ̀gbẹ́ẹ̀gbẹ́. Bí ẹ bá rí irun tín-ínrín tó na ẹ̀ka bí òwú aláǹtakùn, fọ́ńgọ́ọ̀sì nìyẹn. Bí gbogbo dígí bá rí bí ẹni pé wọ́n mí sí i lára tí kò sì lọ, kùrukùru nìyẹn. Ẹ fi méjèèjì sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín, bó ti wù kí owó rẹ̀ rẹlẹ̀ tó. Eruku díẹ̀ tàbí ibi kékeré kan tó họ níwájú kò pa fọ́tò lára.

Lẹ́yìn èyí, ẹ yí òrùka fókọ́ọ̀sì láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Ó yẹ kó wúwo lọ́wọ́ díẹ̀, kó sì lọ geere. Bó bá ń họ, iyanrìn ti wọ inú rẹ̀. Ẹ yí òrùka ihò, ẹ wo àwọn irin pẹlẹbẹ inú bóyá òróró ti bò wọ́n. Ẹ gbá orí àti ìdí lẹ́ńsì mú, ẹ mì í jẹ́jẹ́. Bó bá ń dún kẹ́kẹ́, nǹkan kan ti tú nínú. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ fi kọ́ kámẹ́rà yín, ẹ ya pátákó ìpolówó tó wà lókèèrè. Bí ẹni tó ń tà kò bá gbà kí ẹ dán an wò, ẹ kí i, kí ẹ máa lọ.

Fọ́ńgọ́ọ̀sì ni mo tẹnu mọ́ jù nítorí ó ti jẹ mí níyà. 300mm àkọ́kọ́ mi, mo rà á lọ́wọ́ oníṣòwò kan tó fi dá mi lójú pé eruku lásán ni. Nígbà tí òjò oṣù kẹfà fi parí, eruku lásán ti di igbó.

Báwo ni mo ṣe lè rí fókọ́ọ̀sì mú kí ẹyẹ tó lọ?

Àṣeyọrí iṣẹ́ yìí wà níhìn-ín, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ ṣàlàyé. Bí ẹyẹ bá wà ní mítà 10 sí yín, tí ẹ fi 300mm yà á ní f/5.6 lórí kámẹ́rà APS-C, ibi tó máa mọ́ láti iwájú dé ẹ̀yìn kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 25 lọ. Kò tó rúlà ọmọ iléèwé. Pẹ̀lú 400mm, á tún dín kù sí nǹkan bíi 14. Nítorí náà, “ó sún mọ́ ọn” kò tó. Ojú ẹyẹ gan-an lẹ ń wá.

Bí ẹyẹ bá dúró sójú kan, ẹ lo mirrorless, ẹ sọ àwòrán ojú ìwòran di ńlá, ẹ yí òrùka kọjá ibi tó mọ́ díẹ̀, kí ẹ wá dá a padà. Àwọ̀ pupa tàbí ofeefee tí kámẹ́rà fi ń kun etí ohun tó mọ́ dára fún wíwá agbègbè, ṣùgbọ́n kì í sọ òótọ́ délẹ̀ pẹ̀lú lẹ́ńsì gígùn. Ẹ fi gbé ara yín dé ìtòsí, kí ẹ fi sísọ-di-ńlá parí rẹ̀. Ẹ wá ya mẹ́ta tàbí mẹ́rin tẹ̀léra, kí òrùka máa sún díẹ̀díẹ̀ láàárín wọn. Lórí Nikon DSLR, iná róbótó kékeré inú ojú ìwòran á tàn nígbà tí fókọ́ọ̀sì bá dé, bí lẹ́ńsì náà bá ṣí tó f/5.6 tàbí jù bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà tó dára jù ni kí ẹ jẹ́ kí ẹyẹ wá bá fókọ́ọ̀sì yín. Ẹ̀gà máa ń padà sí imọ̀ ọ̀pẹ kan náà lẹ́ẹ̀mẹwàá láàárín wákàtí kan. Ẹ fi fókọ́ọ̀sì sẹ́nu ìtẹ́ rẹ̀, ẹ má fọwọ́ kan òrùka mọ́, ẹ kàn dúró dè é. Àwọn tó kánjú kì í gbà mí gbọ́ lórí èyí. Bẹ́ẹ̀, àwọn fọ́tò mi tó dára jù, ọ̀nà yìí ni mo fi rí wọn.

Ìmọ́lẹ̀ ńkọ́? Lékeléke mi máa ń funfun bí bébà.

Lékeléke funfun, koríko dúdú, kámẹ́rà á fẹ́ mú méjèèjì dọ́gba, ìyẹ́ ẹyẹ á sì parẹ́. Nínú oòrùn gangan tí kò sí ìkùukùu, ISO 400 (bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sí), f/8 àti 1/1600 (ìdá ìṣẹ́jú-àáyá tí ṣọ́tà fi ń ṣí) ni ìwọ̀n tó yẹ ohun tí àwọ̀ rẹ̀ wà ní ìwọ̀nba. Fún lékeléke, ẹ lọ sí 1/3200. Bí ẹ bá ń lo A, níbi tí kámẹ́rà ti ń yan ìyára ṣọ́tà fúnra rẹ̀, ẹ dín ìmọ́lẹ̀ kù ní nǹkan bíi ìpele kan, ìyẹn ìdajì. Àṣá tó dúdú lójú ọ̀run funfun, òdìkejì ni: ẹ fi ìpele kan tàbí kan ààbọ̀ kún un, kí ó má baà di òjìji.

Lórí mirrorless, kámẹ́rà á máa wo ìmọ́lẹ̀ tó gba inú lẹ́ńsì kọjá gan-an, A sì máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Lórí DSLR tó ní àdápítọ̀, ojú ìwòran á ṣókùnkùn bí ẹ bá dín ihò kù. Ẹ ṣe fókọ́ọ̀sì nígbà tó ṣí, kí ẹ wá ka bí òrùka ihò ṣe ń dún kẹ́ títí dé ibi tí ẹ fẹ́, láìgbé ojú kúrò.

Kí ló dé tí fọ́tò mi fi ń rí bí ẹni pé ó mì?

Ó mì lóòótọ́. Ẹ ṣírò mílímítà yín pẹ̀lú ti sẹ́ńsọ̀: 300mm lórí APS-C di 450, nítorí náà 1/500 ni ìpẹ̀kun ìsàlẹ̀ fún ọwọ́ lásán, 1/1000 ló sì dára fún ẹyẹ tó ń mira. Ẹ má bẹ̀rù ISO 1600. Fọ́tò tó ní hóró díẹ̀ sàn ju èyí tó mì lọ.

Bí kámẹ́rà yín bá ní ohun tó ń mú sẹ́ńsọ̀ dúró, ẹ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sọ mílímítà lẹ́ńsì fún un nínú mẹ́nù, nítorí lẹ́ńsì àtijọ́ kò lè sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ lórí 50mm, iṣẹ́ rẹ̀ kò ní tó nǹkan.

Lẹ́ńsì tó gùn ni kí ẹ fi ẹsẹ̀ mẹ́ta (tripod) gbé, ẹ má fi gbé kámẹ́rà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe kọ́là, òrùka tí ẹsẹ̀ mẹ́ta ń kọ́, sí i lára. Bí ẹ kò bá ní ẹsẹ̀ mẹ́ta, ẹ rán àpò aṣọ kékeré, ẹ rọ ẹ̀wà sí i, ẹ gbé e lé orí ògiri tàbí fèrèsé ọkọ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Níbo ni mo ti lè dánra wò ní Èkó?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ lórí ògiri ilé yín. Aláǹgbá tó ń mi orí máa dúró fún yín, á sún, á tún dúró. Ẹni tó bá lè mú ojú aláǹgbá ní mítà márùn-ún kò ní rí ẹyẹ bí àjèjì.

Lẹ́yìn náà, etí ọ̀sà ní Yunifásítì Èkó, Akọ́kà. Ẹ lọ ní nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, kí oòrùn tó yọ tán. Lékeléke àti àwọn ẹyẹ omi mìíràn máa ń wà níbẹ̀, afẹ́fẹ́ sì máa ń tutù. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, àṣá máa ń pọ̀ sí i lójú ọ̀run Èkó. Bí òjò bá dé, ọ̀pọ̀ wọn á tún gba ìhà àríwá lọ.

Bí ẹ bá lè ná owó ọkọ̀ àti owó ìwọlé, Lekki Conservation Centre ni ibi tó kún jù. Láti 1990 ló ti wà, ó tó hẹ́kítà 78, ọ̀bọ mona, ọ̀nì, awọ́nríwọ́n àti oríṣiríṣi ẹyẹ sì wà níbẹ̀. Afárá òkè igi rẹ̀ tó gùn tó mítà 401 máa ń mì bí ènìyàn bá ń rìn lórí rẹ̀, nítorí náà ẹ dúró kí àwọn ẹlẹgbẹ́ yín kọjá tán kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Abẹ́ igi ibẹ̀ ṣókùnkùn: lẹ́ńsì f/4 á gbà yín là níbi tí f/8 ti máa já yín kulẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi oúnjẹ tan ọ̀bọ nítorí fọ́tò. Ẹ ń bà á jẹ́ ni.

Ṣé wọn ò ní dá mi dúró pẹ̀lú lẹ́ńsì ńlá?

Wọ́n lè dá yín dúró. Ẹ má yọ ọ́ síta nítòsí bárékè, àgọ́ ọlọ́pàá, ibùdókọ̀ òfuurufú tàbí lórí afárá. Níbikíbi tó bá ní géètì, ẹ kí àwọn ẹ̀ṣọ́, ẹ ṣàlàyé, ẹ béèrè bóyá owó kámẹ́rà wà. Ní etíkun àwọn apẹja, ẹ kí àgbà ibẹ̀ kí ẹ tó gbé kámẹ́rà sókè. Ẹni tí ẹ kí lè tọ́ka ibi tí ẹyẹ ń sùn sí fún yín.

Báwo ni mo ṣe lè dáàbò bo dígí lọ́wọ́ ọ̀rinrin Èkó?

Fọ́ńgọ́ọ̀sì ń fẹ́ ọ̀rinrin, òkùnkùn àti afẹ́fẹ́ tí kò lọ. Àpótí aláwọ tí wọ́n fi ń ta lẹ́ńsì àtijọ́ ní gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ fi àpótí náà sí ọ̀tọ̀. Ẹ wá ike oúnjẹ tí ìdérí rẹ̀ ń dí pa, ẹ kó lẹ́ńsì sínú rẹ̀ pẹ̀lú silica gel (hóró tó ń fa omi mu) àti òǹwọ̀n ọ̀rinrin kékeré, kí ẹ sì jẹ́ kó dúró láàárín 40 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí silica gel bá ti mu omi yó, ẹ yan án gbẹ, ẹ dá a padà. Ẹ máa lo lẹ́ńsì náà. Èyí tó ń rí oòrùn àti atẹ́gùn kì í tètè bu.

Bí ẹ bá ń ti inú yàrá tó ní ẹ̀rọ amúlétutù (AC) bọ́ síta, omi á bo dígí lójú ẹsẹ̀. Ẹ fi lẹ́ńsì sínú báàgì tó dí, kí ẹ fún un ní nǹkan bí ìdajì wákàtí níta kí ẹ tó yọ ọ́. Ní àsìkò ọyẹ́, eruku ni ọ̀tá: ẹ fẹ́ ẹ kúrò pẹ̀lú bọ́ọ̀lù rọ́bà kí aṣọ kankan tó kan dígí.

Etí ẹ̀ka igi ní fọ́tò mi ń yọ àwọ̀ àlùkò. Ṣé lẹ́ńsì ti bàjẹ́ ni?

Kò bàjẹ́. Dígí àtijọ́ kò lè kó gbogbo àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ jọ sójú kan, pàápàá bí ọ̀run funfun bá wà lẹ́yìn ẹ̀ka dúdú. Lẹ́ńsì tí wọ́n kọ ED sí lára, tàbí èyí tó ní fluorite, tí dígí wọn jẹ́ àkànṣe, máa ń ṣe é dín kù. Ẹ dín ihò kù ní ìpele kan, ẹ yẹra fún ọ̀run funfun lẹ́yìn, ẹ ya RAW (fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì tún ṣe). Kọ̀ǹpútà á yọ púpọ̀ nínú rẹ̀.

Lẹ́ńsì onídígí ìwòjú (mirror lens) 500mm f/8 tó kúrú tó sì fúyẹ́ ńkọ́?

Dígí tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà ló fi ń ṣiṣẹ́, ó fúyẹ́, kì í sì í yọ àwọ̀ àlùkò. Ṣùgbọ́n f/8 ló máa ń jẹ́ títí láé, ìmọ́lẹ̀ tó wà lẹ́yìn ẹyẹ á sì máa di òrùka róbótó bíi búrẹ́dì oníhò. Fún etí ọ̀sà tí oòrùn wà, ó dára. Fún abẹ́ igi, rárá.

Ṣé kí n fi teleconverter 2x (dígí àfikún tó ń sọ mílímítà di ìlọ́po méjì) kún 300mm mi?

300mm f/4 yín á di 600mm f/8, gbogbo àṣìṣe dígí á sì di ìlọ́po méjì. Èmi á gé fọ́tò náà lórí kọ̀ǹpútà. 1.4x tó dára, tó gba ìpele ìmọ́lẹ̀ kan péré, ni mo lè fara mọ́.

Lọ́sàn-án, fókọ́ọ̀sì pé, síbẹ̀ ohun tó jìnnà kò mọ́. Kí ló fà á?

Ooru tó ń jáde lára ọ̀dà, páànù àti iyanrìn ń jẹ́ kí atẹ́gùn máa rú. Kò sí lẹ́ńsì tó lè wo inú rẹ̀ kọjá, olówó ńlá pàápàá. Ẹ lọ láàárọ̀ kùtù, tàbí kí ẹ sún mọ́ ọn. Ẹ má sì yí òrùka dé ìpẹ̀kun kí ẹ rò pé ibẹ̀ ni ohun tó jìnnà jù lọ ti máa mọ́: àwọn lẹ́ńsì ED àtijọ́ kan máa ń yí kọjá rẹ̀ díẹ̀, nítorí ooru ń yí dígí padà.

Ṣé mo lè fi ọwọ́ mú àṣá tó ń fò?

Ẹ lè mú un, bí ẹ bá yan ibi tí ẹ ó ti pàdé rẹ̀. Ẹ wo bó ṣe ń yí ká. Àṣá máa ń tún ipa kan náà tọ̀. Ẹ wá ohun kan tó jìnnà bíi mítà 30, ẹ fi fókọ́ọ̀sì síbẹ̀, ẹ lo f/8. Pẹ̀lú 300mm lórí APS-C, bíi mítà mẹ́ta ló máa mọ́ níbẹ̀. Ẹ fi ṣọ́tà sí 1/1600, ẹ máa fi ara tẹ̀ lé ẹyẹ náà bó ṣe ń bọ̀, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í yà díẹ̀ ṣáájú kó tó wọ ibẹ̀. Nínú ogún fọ́tò, bí méjì bá fi ẹyinjú rẹ̀ hàn, ẹ ti ṣe iṣẹ́ òwúrọ̀ yẹn dáadáa.